Fídíò dígítà

Fídíò dígítà ni àwòrán tí ń rìn, tí a fi nọ́mbà kọ sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà, fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n lè kà á kí ó sì tún un tò padà sí àwòrán. Ó yàtọ̀ sí fídíò áńálọ́ọ̀gù, irú èyí tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì VHS, tí a fi àmì iná mànàmáná tí ń lọ sókè sódò gba ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ sílẹ̀. Nọ́mbà mẹ́ta ni ó máa ń sọ púpọ̀ nínú bí fídíò dígítà yóò ṣe rí àti bí fáìlì rẹ̀ yóò ti tóbi tó: iye píksẹ́lì inú àwòrán kan, iye àwòrán inú ìṣẹ́jú-àáyá kan, àti iye bíìtì tí a fi pa ìṣẹ́jú-àáyá kan mọ́.

Píksẹ́lì

Píksẹ́lì ni ẹyọ tó kéré jù lọ nínú àwòrán dígítà. A máa ń tò wọ́n ní ìlà-ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá súnmọ́ adé onílẹ̀kẹ̀ yóò rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè, ojú ènìyàn tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ náà yà ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni píksẹ́lì rí.

Nọ́mbà mẹ́ta ni a sábà máa ń fi sọ àwọ̀ píksẹ́lì kan: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàárín 0 sí 255, ó sì gba báìtì kan, èyí tí í ṣe bíìtì 8. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 0, dúdú ni; bí wọ́n bá jẹ́ 255, funfun ni.

Nọ́mbà inú orúkọ bíi 720p àti 1080p ń tọ́ka sí iye ìlà píksẹ́lì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fídíò 1080p ní píksẹ́lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 2,073,600. Fídíò 4K, tí ó jẹ́ 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, ní ìlọ́po mẹ́rin iye yìí.

Fírémù

Àwòrán inú fídíò kì í rìn ní ti gidi. Ọ̀wọ́ àwòrán tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni, tí à ń fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi gbà pé wọ́n ń rìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni à ń pè ní fírémù. Fíìmù sinimá sábà máa ń lo fírémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń lo 25, nítorí ìlànà PAL tí wọ́n bá dìde bá iná mànàmáná 50 Hz mu. Ti Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti jẹ́ 60 Hz, súnmọ́ 30.

Ìwọ̀n dátà

Fírémù 1080p kan, láìfún un pọ̀, gba báìtì 6,220,800. Bí fírémù bá jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú kan péré yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì 9.3. Bí a bá fún fídíò kan náà pọ̀ dé bíìtì mílíọ̀nù 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú kan yóò gba mẹ́gábáìtì 37.5, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 250. Láìsí ìfúnpọ̀, agbára káká ni fídíò yóò fi gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, dátà ẹni tí ń wò ó yóò sì tán kíákíá.

Ìfúnpọ̀

Ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà fún fídíò pọ̀. Èkíní wà nínú fírémù kan fúnra rẹ̀: a ó pín in sí igun-igun, a ó sì yọ àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí kúrò. Ìṣirò tí Nasir Ahmed, T. Natarajan àti K. R. Rao gbé jáde ní ọdún 1974 ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà yìí. Èkejì wà láàárín fírémù kan sí òmíràn. Bí ẹnì kan bá ń ka ìròyìn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yí padà. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. Nítorí náà, a ó pa fírémù kan mọ́ lódindi, nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, ìyàtọ̀ nìkan ni a ó kọ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí òjò, èéfín àti ijó òde àríyá fi ṣòro láti fún pọ̀. Ohun gbogbo ni ó ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bíìtì kò bá tó, àwòrán yóò fọ́ sí igun-igun.

Kódẹ́kì àti fáìlì

Kódẹ́kì ni ìlànà tí a fi ń fún fídíò pọ̀ tí a sì fi ń tú u padà. Lára wọn ni MPEG-1 (1993), H.264 (2003), H.265 (2013) àti AV1 (2018). MP4 kì í ṣe kódẹ́kì. Àpò ni, tí a kó àwòrán àti ohùn sí. Ohun tí ó wà nínú àpò méjì tí orúkọ wọn jọra lè yàtọ̀. Ìdí nìyí tí fóònù kan fi lè ṣí MP4 kan kí ó má lè ṣí òmíràn.

Nínú fíìmù Yorùbá

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn òṣèré Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í lo kásẹ́ẹ̀tì VHS fún fíìmù. VCD, tí ó jẹ́ dígítà, ni ó gba ipò rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn náà. VCD ń lo MPEG-1, fírémù rẹ̀ ní ìlànà PAL sì jẹ́ 352 ní ìbú àti 288 ní òró: ti 1080p fi ìlọ́po 20 jù ú lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni sídì kan ń gbà, nítorí náà fíìmù wákàtí méjì kò lè wọ inú ẹyọ kan.

Ìpamọ́

Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì áńálọ́ọ̀gù máa ń burú sí i bí a ti ń dà á kọ. Ẹ̀dà fáìlì dígítà kì í yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ bí a kò bá tún un fún pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìfúnpọ̀ bá yọ kúrò kì í padà wá. Bí ó bá jẹ́ pé orí VCD nìkan ni fíìmù kan kù sí, tẹlifíṣọ̀n òde òní yóò kàn fojú bu àwọn píksẹ́lì tí kò sí níbẹ̀ ni. WhatsApp náà máa ń tún fídíò fún pọ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́, àfi bí a bá fi í ránṣẹ́ bí ẹni ń fi ìwé ránṣẹ́. Nítorí náà, fáìlì tí ó ti inú kámẹ́rà wá ni ó yẹ kí a tọ́jú. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a fún pọ̀ fún pínpín.