Kí Ni Ká Pe Àrùn Tó Ń Ba Iyè Àgbà Jẹ́?

Bí ìyá àgbà kan bá ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀, tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì ṣìnà lọ́jà tó ti ń ná láti ìgbà ọmọge, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá ti ń ṣarán." Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ibẹ̀, ó parí nìyẹn. Ogbó ló fa arán, ta ló sì ń gbé ogbó lọ sílé ìwòsàn? Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni.

"Àrùn ìgbàgbé" sàn díẹ̀, nítorí ó jẹ́wọ́ pé àìsàn ni. Àmọ́ ta ni kì í gbàgbé? Ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri kò ṣàìsàn. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ló yẹ kó tètè rí dókítà. Àrùn yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dementia, ń ba ọ̀rọ̀ sísọ, owó kíkà àti ìwà jẹ́ pẹ̀lú. Yorùbá ní "iyè" fún gbogbo ìyẹn: ọmọ tó mòye níyè nínú, ẹni tó ń kọ́ Ifá ń wá ìsọyè. "Àrùn iyè" yóò gba gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fàmì sí i, kí òǹkàwé má baà pè é ní "ìyè."

Alzheimer ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀yà náà, nǹkan bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí orúkọ Alois Alzheimer dúró bẹ́ẹ̀. Dókítà ará Jámánì yìí ló ṣàlàyé lọ́dún 1906 ohun tó rí nínú ọpọlọ Auguste Deter lẹ́yìn ikú rẹ̀: èérí tó dì láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti fọ́nrán tó ta kókó nínú wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. "Èérí" àti "ìtakókó" ti tó fún aláìsàn láti lóye ohun tó ń ṣe é.

Wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí dójú àmì n'Ìbàdàn. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀ṣuntókun, Ògúnníyì àti Baiyewu lára wọn, bá àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana l'Amẹ́ríkà ṣèwádìí lórí àrùn iyè láàárín àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Wọ́n tú ìbéèrè tí wọ́n fi ń dán iyè wò sí Yorùbá, wọ́n tún tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwòrán yíyà tó wà nínú ìdánwò náà ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ àgbà tí kò kàwé. Ni wọ́n bá kó igi ìṣáná sílẹ̀: "Ẹ tò ó bí mo ṣe to tèmi." Ìtumọ̀ èdè gan-an nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé Alzheimer tuntun ń mú ìpín 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà náà lọ́dọọdún n'Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Ká ní ìbéèrè náà kò yé àgbà, ta ni ìbá gba àkọsílẹ̀ yìí gbọ́?

Ọ̀rọ̀ tuntun tún ti dé. Lóṣù karùn-ún 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ fún Alzheimer, fún ẹni ọdún 55 sókè tí iyè rẹ̀ ti ń yí padà. Nọ́ọ̀sì tó bá sọ pé "Ẹ̀jẹ̀ yín ní ẹ ti ní in" ti sọ àsọdùn, torí àyẹ̀wò náà kì í dá dúró. "A rí àmì kan, ẹ jẹ́ ká wò ó síwájú" ló bójú mu.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ lọ́dún 2024 pé bí a bá bójú tó ohun 14, lára wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, ó ṣeé ṣe ká dènà nǹkan bí ìpín 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn iyè tàbí ká sún un síwájú. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá ọlọ́jà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń na apá pé kí wọ́n wọn tòun. Ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n náà ló yẹ kí wọ́n ti máa bi í léèrè iyè rẹ̀, kí wọ́n sì bi ọmọ tó tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú.