Olókùnrùn Nínú Ìjọ: Láti Ìgbà Lùkúlùkú Títí Di Òní

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà mọ́tò Agége kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, láti Òṣòdì lọ sí Ìkẹjà, yóò gbọ́ ìró ìlù, agogo àti àtẹ́wọ́ láti inú àdúgbò Ṣógúnlé. Ìjọ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní ilé ńlá tiwọn, àwọn mìíràn háyà ṣọ́ọ̀bù, àwọn mìíràn sì wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí orin bá rọlẹ̀, àkókò ìjẹ́rìí yóò dé. Ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì dìde yóò jáde. Aboyún tí ó bí wẹ́rẹ́ yóò jáde. Ẹni tí mọ́tò ìbá pa tí Ọlọ́run yọ yóò jáde. Ẹni tí kì í sábà jáde ni ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá, tí ó wà lórí ìjókòó rẹ̀ ní ẹ̀yìn, tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí ó san. Kò ṣaláìní ohun tí ó fẹ́ dúpẹ́ lé lórí, ṣùgbọ́n ètò ìsìn kò fi ààyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ètò náà ṣe di bẹ́ẹ̀ ní ìtàn nínú, ìtàn náà sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Àìsàn lè dé, kí a tọ́jú rẹ̀, kí ó sì lọ. Ṣùgbọ́n òkùnrùn ni èyí tí ó bá ènìyàn jókòó, tí kò pa á, tí kò sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó ní in ni à ń pè ní olókùnrùn. Àtọ̀gbẹ, wárápá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, gbogbo wọn ni ó wọ abẹ́ orúkọ yìí. Bí a bá sì wo bí àdúrà ìwòsàn ṣe gbilẹ̀ nínú ìjọ Kristi ní ilẹ̀ Yorùbá, àìsàn tí ó yára dé tí ó sì yára lọ ni ó bí i.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí Èkó. Láìpẹ́, ó bá ọkọ̀ ojú irin wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn dókítà kò ní oògùn rẹ̀, àwọn babaláwo àti oníṣègùn kò sì rí i ká. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí wọ́n ti ń péjọ fún àdúrà gbá ara wọn jọ. Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà lára wọn. Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ obìnrin, sọ pé a rán òun níṣẹ́: kí àwọn ènìyàn gbàdúrà, kí wọ́n lo omi òjò, kí wọ́n sì pa gbogbo oògùn tì, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó. Ẹgbẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní 1922, ọ̀nà wọn àti ti ìjọ Áńgílíkà pín lórí ọ̀ràn ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti ọ̀ràn oògùn. Wọ́n sì bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ṣe pọ̀, nítorí pé ìjọ yẹn pẹ̀lú kò gba oògùn láàyè.

Ó yẹ kí olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní ìtàn yìí dúró díẹ̀ níbí. Lùkúlùkú kì í bá ènìyàn gbé. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, bóyá ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹni tí yóò kú ti kú, ẹni tí yóò yè sì ti dìde. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni pé ìdáhùn àdúrà a máa yá, àti pé ojú lásán ni a fi ń rí i. Kò sí ẹni tí ó lè dá àwọn tí ó kọ́ ọ lẹ́bi, nítorí pé ojú wọn ni òkú ń sùn, oògùn tí wọ́n sì pa tì kò ṣe àwọn tí ó lò ó ní àǹfààní kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ fún lùkúlùkú ni a wá sọ di òfin fún gbogbo ohun tí ó lè ṣe ọmọ ènìyàn.

Nínú àwọn ọdún yẹn kan náà, ọkùnrin kan wà tí ìgbésí ayé rẹ̀ ìbá kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Mose Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó, kò lè rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti kékeré. Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń sọ ni pé nípa àdúrà àti omi ni ó fi dìde. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà kò fi pa mọ́ pé ìwòsàn náà kò pé: ó ń tiro títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ń tiro yìí ni ó fi rin ọ̀pọ̀ ìlú kí ó tó dé Èkó ní 1924, níbi tí ó wọ̀ sí ní Ẹ̀bùté Èrò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925 ni a pè é wá gbàdúrà fún ọmọdébìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí ó wà nínú ìran. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde. Èrò ya lọ bá a fún ìwòsàn, wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Àládúrà. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1933.

Àwọn tí ó kúnlẹ̀ níwájú Orímọládé rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kò tìtorí rẹ̀ sọ pé àdúrà rẹ̀ kò ní agbára. Ìyẹn ni pé ìjọ àdúrà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní Èkó nígbà náà ní olórí tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kò sì jẹ́ ìtìjú fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣeni láàánú pé bí a ti ń sọ ìtàn rẹ̀ lóde òní, dídìde ni a máa ń tẹnu mọ́, a kì í sọ̀rọ̀ títiro. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bíbélì kò ṣaláìní irú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta nípa ẹ̀gún ara rẹ̀, a kò mú un kúrò. Ó sì fi Trófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù, ó bá ìrìn àjò tirẹ̀ lọ.

Ní oṣù keje ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Oyè ní Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti jẹ́ awakọ̀ katakata tí a fi ń tẹ títì kí ó tó gba ìpè ní 1928. Èrò tí ó wá gba omi ìyè kò níye. Ní ọdún kejì, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn dá májẹ̀mú, àwọn mìíràn sì wá jókòó tì wọ́n ní 1932. Àárín wọn dán títí a fi rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì kí ibà má bàa mú wọn. Inú àwọn àgbà ìjọ ru. Ní ọkàn wọn, ẹni tí ó ń wàásù ìwòsàn, tí ó sì ń gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀, ahọ́n méjì ni ó ní. Àwọn míṣọ́nnárì ní tiwọn wí pé ara àwọn kò mọ ibà ilẹ̀ yìí. Láàrin 1939 àti 1941, ìyapa dé. Babalọlá, Ọdúbánjọ ti Èkó àti Isaac Akínyẹlé ti Ìbàdàn wà ní apá kan, ìjọ wọn sì di Christ Apostolic Church, tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Akínyẹlé yìí náà ni ó wá jẹ Olúbàdàn ní 1955.

Ọ̀pọ̀ ìwé ka ìjà yìí sí ìjà láàrin dúdú àti funfun, òótọ́ sì wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo kuníìnì náà dáadáa. Àwọn tí ó ń lò ó kò ṣàìsàn ní ọjọ́ tí wọ́n lò ó. Wọ́n ń lò ó kí ara lè dúró bí ó ti wà ni. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé: ǹjẹ́ onígbàgbọ́ lè máa gbé oògùn mì déédéé, láìṣe pé ó ti dá ìgbàgbọ́ rẹ̀? Ọ̀ràn olókùnrùn gan-an nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí olókùnrùn kankan tí a pè jókòó sí ìpàdé náà. Ìdáhùn tí apá tí ó borí mú jáde, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

Àwọn ìjọ tí ó ti pẹ́ jù wọ́n lọ gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn. Àwọn Kátólíìkì dá ti Abẹ́òkúta sílẹ̀ ní 1895, àwọn Onítẹ̀bọmi dá ti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ ní 1907, àwọn Mẹ́tọ́díìsì sì kọ́ ti Iléṣà lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn lè gba ìjọ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀, nítorí pé olókùnrùn a di ti dókítà, àlùfáà a sì máa kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tẹ̀ ni ó fi èyí hàn jù. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ẹ̀tẹ̀ ni a fi dúró fún ọ̀rọ̀ Hébérù kan tí ó kó oríṣiríṣi àrùn awọ ara pọ̀, títí kan èéhù tí ń bẹ lára aṣọ àti ògiri. Báyìí ni òfin Léfítíkù ṣe di ẹrù lórí adẹ́tẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìjọ kó àwọn adẹ́tẹ̀ jọ sí ibùdó lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì ń tọ́jú wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú náà ni.

Ohun rere ti ẹ̀yìn ìlú jáde rí. Ní ibùdó àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Uzuakoli, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1932, Ikoli Harcourt Whyte, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adẹ́tẹ̀, kó ẹgbẹ́ akọrin jọ láàrin àwọn aláìsàn. Ó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìsìn ní èdè Ìgbò kí ó tó kú ní 1977. Àwọn ìjọ tí kò jẹ́ gba adẹ́tẹ̀ jókòó láàrin wọn kọ orin rẹ̀ títí. Uzuakoli yìí kan náà ni a ti dán oògùn tí ó ń wo ẹ̀tẹ̀ wò dáadáa, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó kàn wá jù ní Èkó lónìí. Ní 1910 ni Herrick, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọmọ tí ó ń pa ní ilẹ̀ Yorùbá, àbíkú ni à ń pè wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó tó 150,000 ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ní 1994, a dá àjọ Sickle Cell Foundation sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú ni ó sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà. Ìjọ náà gbọ́n sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn, bí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì bá sì jẹ́ AS, àwọn mìíràn kò ní í so wọ́n pọ̀ rárá. Ẹ̀tọ́ ni láti dènà ìyà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti ní àrùn náà, tí ó jókòó nínú ìjọ nígbà tí a ń kìlọ̀ pé kí a má bí irú rẹ̀, kí ni ó ń gbọ́? Oògùn tí ń dènà ibà sì wà lára ohun tí a ń fún irú rẹ̀ lò déédéé. Ọ̀ràn kuníìnì ọdún 1939 ni ó padà wálé yẹn.

Àwẹ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Bí ìjọ bá kéde àwẹ̀ gbígbẹ àti ìṣọ́ òru, ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde tí kò mu omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ̀rora eegun kí ilẹ̀ tó mọ́, alátọ̀gbẹ tí ó lo oògùn láìjẹun sì lè dákú. Àlùfáà tí ó bá mọ èyí yóò sọ ọ́ láti orí pẹpẹ pé kí irú wọn jẹun, kí ó má jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni wọn yóò ti máa jẹun bí olè. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí a sọ fún pé ó ti rí ìwòsàn, kí ó da oògùn nù. Ní 2011, BBC ròyìn pé ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta tí ó ní kòkòrò HIV ni ó kú ní London nítorí pé wọ́n fi oògùn wọn sílẹ̀ ní ìmọ̀ràn pásítọ̀ wọn.

Lónìí, ní àdúgbò bí Ṣógúnlé, kò ṣòro láti rí ìjọ tí àwọn nọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn ìsìn. Tábìlì náà sábà máa ń wà ní ẹnu ọ̀nà tàbí ní ìta. Níbẹ̀ ni bàbá kan tí ó ti ń lo oògùn láti ọdún mẹ́jọ yóò ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun wà ní ìwọ̀n, yóò rẹ́rìn-ín, yóò wí pé “Ọlọ́run ṣeun.” Ìjẹ́rìí rẹ̀ nìyẹn, nọ́ọ̀sì nìkan ni ó sì gbọ́ ọ, nítorí pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn.