Àwòrán Ara Ògiri Ilé Ìwòsàn Harlem

Ní 1936, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbé iṣẹ́ àwòrán ara ògiri Ilé Ìwòsàn Harlem ní New York lé Charles Alston àti àwọn ayàwòrán mìíràn lọ́wọ́. Alston ya ìṣègùn ìbílẹ̀ Áfíríkà, tòun ti ère rẹ̀, sí apá kan. Ó ya àwọn dókítà dúdú àti funfun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sí èkejì. Àwọn aláṣẹ kọ̀ ọ́: wọ́n ní ọ̀rọ̀ ènìyàn dúdú ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ta ni wọ́n rò pé ó ń gbé Harlem? Àwọn ayàwòrán fárígá, wọ́n ké gbàjarè títí a fi gbà fún wọn. Ní 2012, a ṣí ilé tuntun fún àwọn àwòrán náà. Ti Vertis Hayes, tó ya ìrìn àjò ènìyàn dúdú láti abúlé Áfíríkà dé Amẹ́ríkà, ni a sọ di ràgàjì sára gíláàsì iwájú rẹ̀.