Ibi Ìsádi fún Aya tí Ọkọ Ń Lù: Láti Agbo Ilé dé Ilé Ẹjọ́



Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé olú ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní ọdún 1991, èmi náà wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó wá. A kó àga, a kó ìkòkò, ṣùgbọ́n a kò kó agbo ilé wá.

Ní agbo ilé, bí ọkọ bá lu ìyàwó, ìyàwó ní ibi tí yóò sá sí: yàrá ìyá ọkọ, ọ̀dọ̀ baálé, tàbí ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ ní láti wá bẹ̀bẹ̀ kí ó tó padà. Àṣà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, wọn a dá a padà, lílù a tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá kọ̀ tí kò padà, wọn a pè é ní ilémosú. Ìbẹ̀rù orúkọ yìí ti pa àwọn obìnrin mọ́ inú ìyà.

Òfin ńkọ́? Penal Code, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní 1960, tí a sì bá ní Àbújá, sọ ní abala 55 pé ọkọ tí ó lu ìyàwó láti fi tọ́ ọ sọ́nà kò jẹ̀bi, bí àṣà wọn bá ti fàyè gbà á, tí kò sì ṣe é léṣe gidi. Èyí ni pé kí egungun má dá, kí ojú má fọ́, kí eyín má yọ.

Ní nǹkan bí 1994, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn wa lóru, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi àti àgbà méjì pe ọkọ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. A ní kí ìyàwó náà kúnlẹ̀, a sì sìn wọ́n padà sílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò pé oṣù méjì, apá rẹ̀ kán. Ní ọsibítù, ó sọ fún ìyàwó mi pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo sá wá bá, ẹ̀yin náà lẹ sì mú mi padà." Mi ò gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Àwọn mìíràn kò dákẹ́ bí tiwa. Ẹgbẹ́ Project Alert, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1999, ṣí ilé ìsádi fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2007, Èkìtì ní 2011. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin VAPP, tí ó múlẹ̀ ní Àbújá, tí ó sì borí Penal Code lórí ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá lu aya tàbí ọkọ rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n tó ọdún 3 jura, tàbí kí ó san owó ìtanràn tó ₦200,000, tàbí méjèèjì. Ilé ẹjọ́ lè fún obìnrin náà ní ìwé ààbò. Ẹlòmíràn sì lè bá a béèrè rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Àjọ NAPTIP ni òfin náà fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kì í ṣí ilẹ̀kùn lóru; ènìyàn ní í ṣí i. Bí ó bá kan tiyín, ẹ gbà á wọlé. Ẹ má ṣe bi í pé kí ló fi bí i nínú. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kí a ṣe. Ẹ bá a dé ọsibítù, kí ẹ sì bá a tọ́jú ìwé tí dókítà bá kọ. Ẹ má ṣe fi ipá sìn ín padà.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹgbẹ́ yìí ni agbo ilé wa ní ìdálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin wa rí ilé bàbá níbí, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ilémosú.