Ìtàn Àwòrán Ìlànà Iṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́

Ní ọdún 1921, Frank Gilbreth àti Lillian, ìyàwó rẹ̀, gbé ìwé kan síwájú ASME, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n ti ṣàlàyé àwòrán ìlànà iṣẹ́, ìyẹn àwòrán tó ń fi ìgbésẹ̀ iṣẹ́ kan hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gilbreth ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìnàró àwọn òṣìṣẹ́ ni kò ṣe iṣẹ́ náà láǹfààní kankan.

Ète àwòrán náà nígbà yẹn ni láti tú ohun tó fara sin síta: ibi tí ẹrù ti ń dúró láìnídìí, àti ìrìn tí a lè gé kúrò. Ní ọdún 1947, ASME fọwọ́ sí àmì márùn-ún: àmì rìbìtì fún iṣẹ́ gan-an, ọfà fún gbígbé ẹrù kiri, onígun mẹ́rin fún àyẹ̀wò, lẹ́tà D fún ìdádúró, àti onígun mẹ́ta fún ìfipamọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀, nítorí pé mẹ́rin nínú márùn-ún náà kì í sọ ohun èlò di ọjà, síbẹ̀ wọ́n ń náni lówó. Allan Mogensen, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni nípa ìlànà iṣẹ́ ní ìlú Lake Placid ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, tún tẹnu mọ́ ọn pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù. Òtítọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣì ń fojú fò ó.

Kọ̀ǹpútà fi ète mìíràn kún ète àwòrán náà. BPMN, ọ̀wọ́ àmì tó jáde ní ọdún 2004, wà kí olùdarí ilé-iṣẹ́ àti ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè jọ ka àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ̀dà kejì rẹ̀, ti ọdún 2011, sì di ìlànà àgbáyé lábẹ́ àjọ ISO ní ọdún 2013.