Ìrẹsì Funfun Tó Gba Okun Lẹ́sẹ̀ Ọmọ Ogun Jàpáàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní okun inú ni a fi ń gbé ti ìta. Bóyá ni ibòmíràn wà tí òwe yìí ti fara hàn tó inú ọkọ̀ ogun Jàpáàn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ryujo.

Ní ìparí ọdún 1882 ni Ryujo ṣíkọ̀ lọ sí New Zealand, Chile, Peru àti Hawaii. Ọkùnrin 376 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pè wọ́n ní ọ̀lẹ: okùn ni wọ́n ń fà, ìgbòkun ni wọ́n ń ta, láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí eré ìdárayá nìkan bá tó láti fún ènìyàn lókun, àwọn ni ì bá lókun jù láyé. Síbẹ̀, kí ọkọ̀ náà tó padà délé, 169 nínú wọn ti dùbúlẹ̀ àìsàn, 25 sì ti kú.

Beriberi ni àìsàn náà. Kakke ni àwọn ará Jàpáàn ń pè é, nítorí pé ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí àárẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ yóò wúwo, yóò máa kú, yóò sì wú. Nígbà tó bá yá, ọkàn yóò dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àìsàn ọlọ́lá ni. Ìrẹsì tí wọ́n gún títí ó fi funfun báláú ni oúnjẹ àwọn ará ìlú ńlá. Àwọn ará oko ń jẹ èyí tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ ọkà báálì. Ará oko tó bá wá sí Edo, tí à ń pè ní Tokyo lónìí, á ṣàìsàn; bó bá padà sílé, ara rẹ̀ á yá. Wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní àìsàn Edo. Kò yọ ààfin sílẹ̀: ó mú ọba Meiji fúnra rẹ̀, òun ló sì pa Kazu, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ní 1877.

Takaki Kanehiro, dókítà ọmọ ogun ojú omi tó kàwé ní St Thomas's ní London, ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀gá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe àìsàn yìí bí àwọn atukọ̀. Owó ni wọ́n ń fún àwọn atukọ̀ láti fi ra ohun tí wọn yóò fi jẹ ìrẹsì. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé, ìrẹsì nìkan ni wọ́n á sì máa jẹ. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ní 1884, ọkọ̀ mìíràn, Tsukuba, tọ ipa ọ̀nà Ryujo, ṣùgbọ́n Takaki ti fi ẹran, wàrà, búrẹ́dì àti ọkà báálì kún oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣàìsàn, beriberi kò sì pa ẹnì kankan.

Takaki rò pé àìtó púrótéènì ló ń fà á. Èrò náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ọmọ ogun orí ilẹ̀, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní ìlànà Jámánì, ní kòkòrò àìfojúrí ni; Mori Ogai, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé, wà lára wọn. Wọ́n ń bá ìrẹsì funfun lọ. Nínú ogun tí wọ́n bá Rọ́ṣíà jà ní 1904 sí 1905, nǹkan bí 27,000 ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni beriberi pa. Ìwé ẹ̀rí gíga kì í dí ìgbéraga lọ́wọ́.

Adìẹ ló wá tú àṣírí. Ní Batavia, tó di Jakarta, Christiaan Eijkman, dókítà ará Netherlands, rí i pé ẹsẹ̀ àwọn adìẹ òun ń rọ nígbà tí wọ́n ń jẹ àjẹkù ìrẹsì funfun ilé ìwòsàn ológun. Alásè tuntun dé, ó ní ìrẹsì ológun kò tọ́ sí adìẹ. Wọ́n fún wọn ní èyí tí èèpo wà lára rẹ̀, wọ́n sì dìde. Ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì ọ̀fadà tí a kò gún jù mọ irú èèpo bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni thiamine, tí a tún ń pè ní fítámì B1, wà, òun sì ni ara nílò láti sọ oúnjẹ di agbára.

Eijkman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929. Takaki ti kú ní 1920. Ṣùgbọ́n ní Antarctica, níbi tí ìrẹsì kankan kì í hù, ṣóńṣó ilẹ̀ kan tó yọ sínú òkun wà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.