Ìwé Kóòtù Àtijọ́: Ibi Tí Ohùn Àwọn Bàbá Àti Ìyá Wa Ṣì Wà

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹni tó bá fẹ́ mọ orírun rẹ̀, kóòtù wà lára ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ yà.

Ẹ wò ó ná. Bí ẹ bá bi ọmọ Ìjerò, Àrámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pé ta ni bàbá bàbá rẹ̀, á dáhùn wéré. Ẹ wá bi í pé ta ló bí ìyá bàbá náà, ẹ ó rí i tí yóò máa họrí. Oríkì wà, ìtàn ààfin náà wà, àmọ́ ti Ajerò, ti Alárá àti ti Aláayè ni ìtàn ààfin. Ìyá tó ń mọ ìkòkò l'Ẹ́fọ̀n ńkọ́? Àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ gbin kòkó sí oko yín ńkọ́? Ta ló kọ tiwọn sílẹ̀? Akọ̀wé kóòtù ni!

Lẹ́yìn ogun Kírìjì (1877–1893), èyí tí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkìtì. Òfin kóòtù ìbílẹ̀ jáde ní 1914, nígbà ayé Lugard. Ọba àti ìjòyè ló ń jókòó dájọ́, akọ́dà ń pe ẹlẹ́jọ́, akọ̀wé ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì láṣẹ láti yẹ ìdájọ́ wò. Òfin náà kò gba lọ́yà láyè nínú kóòtù yẹn. Ohun tó dùn mọ́ akọ̀ròyìn bíi tèmi nìyẹn: olúkúlùkù ló fẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ rẹ̀. Abọ̀rìṣà á fi irin búra, onígbàgbọ́ á gbé Bíbélì, mùsùlùmí á gbé Kùránì. Láti ara ìbúra lásán, ẹ lè mọ ẹ̀sìn tí bàbá bàbá yín ń ṣe lọ́dún náà. Ní 1957, òfin tuntun ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ irú kóòtù bẹ́ẹ̀ di kóòtù kọ́sítọ́márì.

Kí lẹ lè bá níbẹ̀? Àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ó pọ̀ jàra. Ọkọ á ka owó ìdána tó san, iṣu tó gbé fún àna, iṣẹ́ tó ṣe lóko rẹ̀. Ìyàwó á sọ ilé tí wọ́n ti bí i, ọmọ mélòó ló bí, ìdí tó fi kó jáde. Ìyá tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ìdílé, òun náà lè wà níbẹ̀, tó ń sọ tẹnu ẹ̀.

Ìkejì ni ẹjọ́ ilẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí kòkó ti sọ igbó di owó. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ni òun ní láti sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, ọmọ tó jogún rẹ̀, títí dé orí ara rẹ̀. Ìtàn ìdílé ni kóòtù ń gbọ́ yẹn o! Títí dòní bẹ́ẹ̀ náà ni. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tó wá láti Warri, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní 1976 ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn fi lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àbáláyé ni àkọ́kọ́ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó ń jà fún ilẹ̀ lè bu iyọ̀ sí ìtàn, ó sì lè yọ ẹ̀ka kan kúrò nínú ìdílé. Ẹ ka ẹnu olùpẹ̀jọ́, ẹ ka ẹnu olùjẹ́jọ́, ẹ ka ti ẹlẹ́rìí. Nínú ẹjọ́ kan tó ti Ghana dé Lọ́ńdọ̀nù, Kojo àti Bonsie, àwọn adájọ́ sọ ní 1957 pé bí ìtàn àbáláyé méjì bá forí gbárí, kí á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, tí ojú rí, wọn èyí tó ṣeé gbà gbọ́. Ìmọ̀ràn yẹn bá àwa náà mu: ta ló ń ká kòkó níbẹ̀, ibojì ta ló wà níbẹ̀?

Ẹ tún ṣọ́ra fún èdè. Bí akọ̀wé bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, "brother" lè jẹ́ ọmọ ìyá, ó lè jẹ́ ọmọ agbo-ilé lásán. "Father" sì lè jẹ́ àbúrò bàbá. Orúkọ ìlú àti ti èèyàn kò ní àmì ohùn. Ẹ má sì gbàgbé ìsọjí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá tó dé Ẹ̀fọ̀n ní 1930: bàbá tí ẹ mọ̀ sí Jòsẹ́fù lè jẹ́ ọmọ Ifá tàbí ọmọ Ògún nínú ìwé tó ṣáájú ìrìbọmi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù wá kù. Ẹ lè rí i kà pé wọ́n mú bàbá ẹnì kan nínú agbo-ilé yín wá gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀fà, tàbí pé wọ́n kó o lógun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di igi tí ẹ ó fi na ọmọ rẹ̀ tí àsìkò ogún pínpín bá dé. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbà kí wọ́n fi ipò ìbí du ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́. Àbí ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tí wọ́n kó lọ tàbí tí wọ́n kó wá nínú ìdílé òun, lẹ́yìn gbogbo ogun tó jà ní Èkìtì?

Níbo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ béèrè ọdún àti irú ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé. Ẹ lọ bá ọ̀gá akọ̀wé kóòtù kọ́sítọ́márì tó súnmọ́ yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ tí Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954. Ẹ béèrè àwọn fáìlì "Ekiti Div" àti "Ondo Prof", nítorí abẹ́ ẹkùn Oǹdó tó fi Àkúrẹ́ ṣe ibùjókòó ni Èkìtì wà láti 1915. Ẹ ka ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó bíi N.A.C. Weir kọ nípa ìlú Èkìtì ní àwọn ọdún 1930 náà.

Ẹ má fi falẹ̀. Ikán kò mọ ìwé ìtàn, iná kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹwàá 2020, wọ́n dáná sun ilé-ẹjọ́ Igbosere l'Ékòó, ọ̀kan lára àwọn tó pẹ́ jùlọ ní Nàìjíríà, àìmọye ìwé sì bá a lọ. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn kóòtù agbègbè wa, kí á ra páálí tó dára, kí á gbọn eruku, kí á ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ìwé gan-an sì má kúrò níbẹ̀. A ní lọ́yà, a ní tíṣà, a ní àwọn ọmọ tó mọ fóònù lò dáadáa. Kí ló kù?

Kí á tó tún pàdé, kí olúkúlùkù lọ wá orúkọ ìyá kan ṣoṣo tó ti sọnù nínú ìdílé rẹ̀. Ẹ mú un wá. A ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa.